Ọ̀rọ̀ sàréè yẹn, kò sẹ́ni tó jí i lọ́wọ́ ẹnì kankan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde níbi tí ẹnì kan ti ní àwọn Lárúbáwá jí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe sàréè lọ́wọ́ àwọn Júù, mo sì tún ka ti ẹni tó fèsì pé irọ́ ni, pé àwọn Júù gan-an lolè. Àwọn méjèèjì bínú, àwọn méjèèjì ò sì rí i dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà sí yẹn ti wà lórí amọ̀ ní Bábílónì kí ẹnikẹ́ni tó kọ Hébérù tàbí Lárúbáwá síbì kankan.

Ẹ wò ó. Lárúbáwá ń pe sàréè ní qabr. Hébérù ní qever, b yẹn ló rọ̀ di v. Árámáíkì ní qabra. Ẹ kọjá òkun lọ sí Ẹtiópíà, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti ń fi Gíísì ka Bíbélì wọn látayébáyé, qabara náà ni wọ́n ń pe kí wọ́n sin òkú, Àmháríkì tí wọ́n sì ń sọ lónìí ń pe sàréè ní meqabir. Q, b, r ni gbogbo ẹ̀. Bí àwọn èdè yìí ṣe rí nìyẹn, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ló máa ń gbé ìtumọ̀ dání, fáwẹ̀lì ló máa ń yí padà láàárín wọn, tí wọ́n bá wá fi ma- síwájú ẹ̀ ó di ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan náà, ìdí nìyẹn tí maqbara fi jẹ́ ibi ìsìnkú lédè Lárúbáwá. Ẹni tó bá lọ ilé-kéwú ti kà á tipẹ́ nínú súrà Alhakumu nínú Kùránì, hattaa zurtumul maqaabir, títí tẹ́ ẹ fi dé àwọn sàréè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ka Bíbélì, ẹ ṣí Númérì orí 11, níbi tí ẹran àparò ti kó bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ẹ máa rí Kibrotu-hattaafa níbẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa fi orúkọ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà lédè Hébérù, sàréè ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló túmọ̀ sí, q, b, r yẹn náà sì ni, k ni wọ́n fi kọ q níbẹ̀. Àṣé ó ti ń bẹ nílé yín látọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ n wá débi tó dùn mọ́ mi jù. Àwọn ará Bábílónì àti Àsíríà, níbi tá à ń pè ní Ìráàkì báyìí, ń sọ èdè kan tó ń jẹ́ Àkádíà, qebēru ni wọ́n ń pe kí wọ́n sin òkú, qabru sì ni sàréè. Ó wà nínú ìtàn Gilgamesh, ọba wọn kan láyé àtijọ́, lórí amọ̀ kan tó ti lé ní 3,500 ọdún: ọ̀rẹ́ ẹ̀ Enkidu kú, ó ń sunkún tọ̀sántòru, ó kọ̀ kò gbé òkú sílẹ̀ kí wọ́n lọ sin ín, àfìgbà tí ìdin já bọ́ ní imú òkú. Qebēru yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Ta ni Júù fẹ́ lọ jí i lọ́wọ́ ẹ̀, ta sì ni Lárúbáwá fẹ́ jí i lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn?

Ẹ tún wo Eshmunazar, ọba Sídónì ní Lẹ́bánónì láyé àtijọ́. Ọdún 1855 ni wọ́n hú pósí òkúta ẹ̀ jáde, ó sì kọ ọ̀rọ̀ jàn-ànràn jan-anran sára ẹ̀ lédè Fòníṣíà, ó ní inú pósí yìí àti inú qbr yìí, ìyẹn sàréè (wọn kì í kọ fáwẹ̀lì), lòun sùn sí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i tàbí tó gbé e kúrò, kí wọ́n má sin ín sínú qbr, kó má sì bímọ tó máa gbapò ẹ̀. Èpè ńlá! Pósí náà wà ní Louvre, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Paris báyìí, mi ò mọ ohun tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń gbé e wọkọ̀.

Èkejì ẹ̀ wà ní Saudi, ní Al-Hijr tí wọ́n tún ń pè ní Madain Salih. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Kaabu ọmọ Haritha ló kọ́ sàréè fún ìyá ẹ̀, Raqosh, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 162 ni ìyá òun kú. Ọjọ́ tí àwọn Róòmù gba ilẹ̀ Nábátíà, ìjọba tó ni agbègbè yẹn tẹ́lẹ̀, ní 106 ni wọ́n fi ń ka ọdún nígbà náà, torí náà 267 ni tiwa. Ó lé ní 340 ọdún ṣáájú kí Kùránì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ o. Lárúbáwá pọ̀ nínú ẹ̀, Árámáíkì wà nínú ẹ̀, wọ́n lú pọ̀ mọ́ra wọn débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, qbrw ló sì pe sàréè, ó wá ṣépè fún ẹni tó bá yí i padà tàbí tó ṣí i, àfi ọmọ ẹ̀. Ọmọ dáadáa.

Nítorí náà kò sólè níbẹ̀. Ìyá kan náà ló bí gbogbo àwọn èdè yìí, oníkálukú sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nílé. Ìgalà ń pe omi ní omi, Ìṣẹkírì ń pè é ní omi, ṣé ẹnì kan ti pe ẹnì kan lólè ni?

Ẹ ò sì ní sọ pé ọ̀rọ̀ mùsùlùmí ni. Àwọn ará Malta, Kátólíìkì ni wọ́n pọ̀ jù, qabar ni wọ́n ń pe sàréè, bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ti ń gé q yẹn báyìí.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ibi tí wọ́n ti yá a lóòótọ́, ó wà nítòsí wa níbí. Àwọn Haúsá ń pe sàréè ní kabari, ẹ̀sìn ló gbé e wá bá wọn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí pé wọ́n mú orúkọ, wọn ò mú iṣẹ́: tí wọ́n bá fẹ́ sin òkú, binne ni wọ́n máa sọ, ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n sì ṣì ní kushewa tó jẹ́ sàréè pẹ̀lú. Swahili náà ṣe bẹ́ẹ̀, kaburi ni sàréè, ṣùgbọ́n zika ni kí wọ́n sin èèyàn. Lárúbáwá àti Hébérù ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, orúkọ àti iṣẹ́ jọ wà lára igi kan náà ni. Àwọn ará Pásíà tiẹ̀ tún gba ti Lárúbáwá, wọ́n so -stan tiwọn mọ́ ọn nídìí, ó di qabristan, ìyẹn ibi ìsìnkú, Urdu tí wọ́n ń sọ ní Pakistan náà sì ń lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ jà nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kó lọ máa bá àwọn yẹn jà.

Èmi ni òǹkàwé yín, láti Ìwó.