Àdùkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ àga tó ṣẹ́ lábẹ́ Màmá Abẹ́òkúta

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá ikọ́ tó ń ṣe èyí àbúrò ti lọ. Ara tiwa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná. Ó wù mí kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí fóònù kí ẹlòmíì máa gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: àwòrán àga tó ṣẹ́ tí o gbé sójú status rẹ, jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò báyìí kí o tó ka ìyókù. Má sọ pé tó bá ti pé wákàtí 24 á kúrò fúnra rẹ̀. O ò dárúkọ Màmá níbẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé ọkọ rẹ ló mọ ẹni tó wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè kó tó mọ̀.

O ní ṣé kí o sọ fún Màmá pé kó san owó àga, àbí kí ọkọ rẹ bá a sọ ọ́. Rárá, ọmọ mi. Èmi tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àga ni mo fi tọ́ ẹ, mo sì mọ iye tí ẹ ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú àwòrán yẹn fún ọ.

Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù títí mo fi rí ojú ibi tó ti kán. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ló kọ́kọ́ yọ. Kò sí ahọ́n igi kankan níbẹ̀. Sikúrúù méjì ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ìjókòó, ohun tí sikúrúù ọ̀hún sì wọ̀ kì í ṣe igi gidi. Wọ́n lọ igi kúnná ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ di pákó, wọ́n wá lẹ nǹkan tó jọ ojú ọ̀gànwó mọ́ ọn lára. Irú pákó bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Tí o bá fi ṣe ibi tí èèyàn máa gbé ara lé, sikúrúù kì í pẹ́ tú nínú rẹ̀, tí omi bá sì kàn án nígbà tí ẹ bá ń nu ilẹ̀, á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Nílé wa níbí, ihò la máa ń gbẹ́ sí ẹsẹ̀ àga, tí a ó gé ahọ́n sí igi tó dábùú, tí ìkíní á wọ inú ìkejì tìmọ́tìmọ́ kí gọ́ọ̀mù tó dé ibẹ̀ rárá. O mọ àga ìyá rẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Bí wọ́n ṣe kàn án nìyẹn.

Ohun kejì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Wo ojú ibi tó kán yẹn dáadáa. Apá kan funfun, ó mọ́, ìyẹn ló kán lọ́jọ́ Àìkú. Apá kejì dúdú, eruku àti ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́. Ohun tó bá kán lónìí kì í dúdú lónìí. Àga yẹn ti sán tipẹ́ kí Màmá tó wọ mọ́tò ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo wá sí ìsọmọlórúkọ, mo rí àbúrò ọkọ rẹ, ọmọ tó gbẹ bí ìgbálẹ̀ yẹn, bó ṣe ń fẹ̀yìn ti àga títí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ fi ń kúrò nílẹ̀, tó ń mì síwá-sẹ́yìn tó ń tẹ fóònù. Ohun tó ń pa àga nìyẹn. Àga kì í sábà ṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì í sórí ẹsẹ̀ méjì ni, tàbí ìgbà tí ẹni tí orúnkún ń dùn bá fẹ́ dìde, tó wá gbé gbogbo ara sí igun kan. Màmá kàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ àga náà dópin ni. Nítorí náà, nígbà tí o bá sọ fún un pé àga yẹn ò dáa, o ò purọ́ fún un láti fi tù ú nínú. Òótọ́ ni.

Ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi pé nígbà tó ṣubú, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn kan, pé ìwọ sì pariwo "Ha! Àga mi!" Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu onílé nírú àkókò yẹn ni àlejò máa gbé lọ sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀. Àga, mo lè tún un ṣe.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, lọ́dọ̀ Màmá tàbí lọ́dọ̀ ẹlòmíì, èèyàn ni kí ojú rẹ lọ bá. Kúnlẹ̀ tì í, sọ pé "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, níbo ló dùn yín?" Má fà á lápá pé kó tètè dìde. Àgbàlagbà tó bá ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ lè ti sán, fífà lè sọ kékeré di ńlá. Jẹ́ kó mí. Gbé àga tó le dáadáa síwájú rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kó gba orí orúnkún dìde nígbà tó bá tó o. Wo ilẹ̀ bóyá ìṣó tàbí sikúrúù wà níbi tó jókòó sí. Rán àwọn ọmọ níṣẹ́, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ tí kò sí, kí ojú lè dín kù. Kí ẹnì kan gbé àga náà lọ sẹ́yìnkùlé wéré, kó má wà nílẹ̀ níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti máa béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, "kò sí wàhálà" kan ti tó. Tí o bá sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, ó máa mọ̀ pé wàhálà wà. Padà sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, rẹ́rìn-ín díẹ̀, má fi tìrẹ kún un.

Ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, eré ìdárayá, má dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, má sì dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. O ò mọ oògùn tó ń lò. O ò mọ ohun tí dókítà ti bá a sọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá sanra, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́, wọ́n á máa kí i kú oríire. Lónìí, orobo ni àwọn ọmọ ń pè é ní gbangba, ó sì ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ.

Oníbàárà mi kan wà, ọkùnrin ńlá, ẹni iyì. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àwọn ọmọọṣẹ́ bá ti lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, mo gbé àga fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mì í, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá rọra fi ìdí kan lé etí rẹ̀, itan rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nítorí pé orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ṣì dúró sí. Ó sọ fún mi pé tí òun bá wọ ilé onílé, àga ni ojú òun kọ́kọ́ ń wá kó tó wá èèyàn. Tó bá lọ sóde àríyá, á ní òun fẹ́ nara, á wà lórí ìdúró títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ dé. Àga kan ti ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí níbi ìgbéyàwó, ẹni tó ń ya fídíò ò sì gbé kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀. Àdùkẹ́, irú ọkàn tí Màmá gbé wọ mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Pè é lónìí. Má sọ̀rọ̀ àga. Bi í bí ó ṣe délé, bi í bí ìbàdí rẹ̀ ṣe rí, torí ìrora ìṣubú sábà máa ń jí lọ́jọ́ kejì. Kí o sì sọ fún un pé àwọn ọmọ ń béèrè ìgbà tó tún ń bọ̀.

Bó bá ní òun fẹ́ san owó rẹ̀ ńkọ́? Kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dúpẹ́. Bó bá tún tẹnu mọ́ ọn, gba ohun tó bá mú wá, ì báà kéré. Àgbà tí a kò jẹ́ kó ṣe àtúnṣe, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nínú ilé náà mọ́. Ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ yàtọ̀. Ẹni tó bá gun orí bẹ́ẹ̀dì rẹ tó ń fò, tàbí tó jókòó sórí apá àga lẹ́yìn tí o ti ní kó má jókòó síbẹ̀, àìbìkítà ni, bá a sọ ọ́ kó tún un ṣe. Ẹni tó jókòó bí gbogbo èèyàn ṣe ń jókòó kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan, bó ti wù kó tóbi tó. Tí ẹ bá sì tún ṣe ìnáwó, ẹ rántí pé àwọn tó ń yáni ní àga máa ń kà á kí wọ́n tó kó o lọ, wọ́n á gba owó èyí tó bá fọ́. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má máa wá ẹni tó fọ́ ọ kiri lábẹ́ kánópì.

Ó kù oṣù tó ń bọ̀ tí Màmá máa wá sùn lọ́dọ̀ yín. Ṣáájú ìgbà náà, lọ tẹ gbogbo ìjókòó ilé rẹ wò. Àga rọ́bà tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, tó ti ń funfun, ó ti gbó, á kàn fọ́ ni. Èyí tó tuntun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń là lórí táìsì tó ń yọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń to méjì lé ara wọn fún ẹni tó sanra lóde àríyá, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró kí ẹni náà dé, ẹnì kan á wá kígbe láti òkèèrè pé "Ẹ fi ọ̀kan kún un fún Màmá o!" Ẹ to ó kí àlejò tó dé, kí ẹ sì to ti gbogbo tábìlì yẹn bákan náà. Àga onífóòmù tí ẹ ní nínú pálọ̀ rẹlẹ̀ jù, ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ tí orúnkún ń dùn, apá àga ló máa fà láti dìde, apá yẹn ló sì máa ń ya. Gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlejò sókè, wo àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ kan wà láàárín tó gbé wọn dúró. Tí kò bá sí, pe káfíńtà àdúgbò kó fi ọ̀kan sí i. Àpótí rọ́bà tó wà ní balùwẹ̀, gbé e kúrò.

Tó bá wọlé, ìwọ ni kó fi ìjókòó hàn án, kó má fi ojú ara rẹ̀ wá a. "Màmá, ẹ bá wa jókòó síbí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà." Àgbà ni, ibi tó dára jù ni tirẹ̀ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rò pé nǹkan míì wà níbẹ̀. Kí ọkọ rẹ ti jókòó sórí èyí tí kò lágbára. Bá èyí ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ní ìkọ̀kọ̀. Bó bá sì béèrè ní gbangba pé kí ló dé tí Màmá fi tóbi, má gbá a létí níwájú Màmá, ìyẹn á wulẹ̀ tún sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ àga fún yín. Ìrókò ni, mo ra pákó rẹ̀ ní Bódìjà. Gíga ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 19, àyè tó wà láàárín apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ínǹṣì 24, kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìhà. Méjì ni mò ń kàn, kí ọ̀kan má baà dá dúró bí ẹni pé wọ́n fi ń tọ́ka sí èèyàn. Má sọ fún Màmá pé nítorí rẹ̀ ni. Wọn àyè tó wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, kí o fi í ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọmọọṣẹ́ mi ń bọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kó gba àwọn àga márùn-ún tó kù lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú, n óò bá ọ fi igi gidi há wọn lábẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.