Lórí ọ̀rọ̀ Kẹ́mi Badenoch: ọkọ ni òfin wa ò gbà, kì í ṣe ọmọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ ọmọ Jàmáíkà ní Peckham ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èyí tí Kẹ́mi Badenoch, olórí ẹgbẹ́ Conservative nílùú ọba, ti sọ lórí CNN ní oṣù keje 2025 pé òun ò lè sọ àwọn ọmọ òun di ọmọ Nàìjíríà torí pé obìnrin lòun, àbúrò mi wá ń bi mí pé ṣé bó ṣe rí fáwọn ọmọ tòun náà nìyẹn.

Kì í ṣe òótọ́ rárá. Ẹ ṣí ìwé òfin 1999, ẹ lọ sí abala 25, ó wà níbẹ̀ kedere pé ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìbáà ṣe bàbá ìbáà ṣe ìyá, ọmọ Nàìjíríà lòun náà. Wimbledon ni wọ́n bí Kẹ́mi fúnra ẹ̀ sí ní 1980, Èkó ló ti dàgbà, dókítà ni bàbá ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ìyá ẹ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n ti máa wá ẹni tó máa ka òfin fún wọn tì. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ń lọ o: ó fẹ́ kí ìwé ọmọ ìlú ọba túbọ̀ ṣòroó gbà fún àjèjì, ló bá fi tiwa ṣàpẹẹrẹ pé ó le ju tàwọn lọ. Ìyẹn ò kúkú jìnnà sóòtọ́, torí ọdún 15 ni òfin wa ní kí àjèjì fi gbé níbí kó tó lè béèrè. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ti ṣì í sọ.

Ibi tó ń dùn mí ni pé ó kù díẹ̀ kó bá òótọ́ pàdé. Ní abala 26, tí ọkùnrin wa bá fẹ́ àjèjì, ìyàwó lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n tóbìnrin wa bá fẹ́ àjèjì, òfin ò dárúkọ ọkọ rárá, àfi kó lọ dúró de ọdún 15 yẹn. Ọkọ àbúrò mi nìyẹn, ọkọ Kẹ́mi náà nìyẹn. Ní oṣù kẹta 2022 wọ́n gbé e dé iwájú àwọn aṣòfin l'Ábújá pé kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n dìbò pé rárá, àwọn obìnrin sì lọ fẹ̀hónú hàn lẹ́nu géètì wọn.

Dípò ká sọ èyí, èébú la ń bú. Ní oṣù kejìlá 2024 tí Kẹ́mi sọ pé Yorùbá lòun, pé òun ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àwọn ará òkè ọya tó kó pọ̀ mọ́ Boko Haram, àwọn kan nínú wa ń pàtẹ́wọ́, bíi pé kò sí mùsùlùmí nílé Yorùbá (lágboolé tiwa, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni lèmọ́mù àti alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì), bíi pé kì í ṣe àwọn ará Borno ni Boko Haram pa jù. Ṣáájú ìyẹn, lórí ohun tí Kẹ́mi ti ń sọ nípa Nàìjíríà, Shettima, igbákejì ààrẹ nígbà náà, tó ṣe gómìnà Borno lásìkò ogun yẹn, ì bá rọra bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ní tó bá wù ú kó yọ Kẹ́mi kúrò nínú orúkọ ẹ̀. Ṣé òun ló sọ ọ́ lórúkọ ni?

Kẹ́mi tún sọ lẹ́yìn ìyẹn, ní 2025, pé òun ò ka ara òun sí ọmọ Nàìjíríà mọ́, ó ti lé lógún ọdún tóun ti tún páásípọ́ọ̀tù òun ṣe gbẹ̀yìn. Ìyẹn ò kàn mí o, tara ẹ̀ ló ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe ni pé kẹ́ ẹ tẹ abala 25 àti 26 jáde ní Yorùbá lójú ìwé yín, káwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè rí i kà, kẹ́ ẹ sì bá wa bi àwọn aṣòfin tó ṣojú wa l'Ábújá nígbà yẹn bí wọ́n ṣe dìbò lórí ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn ní 2022, lórúkọ lórúkọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn