Akàn Kì í Ṣe Ẹbí Ìgbín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ojú ewé àwọn ọmọdé inú ìwé ìròyìn yín wà lára ohun tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kà pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè dákẹ́ lórí àpilẹ̀kọ tó jáde níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kó ìgbín, ìṣáwùrú, akàn àti edé pọ̀, tó ní ẹbí kan náà ni wọ́n nítorí pé gbogbo wọn ló ní ìkarahun. Òótọ́ ni pé ènìyàn lè bá gbogbo wọn pàdé nínú ọjà Olúwo láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àtẹ ọjà kọ́ ni a fi ń mọ ìran ẹranko.

Ìgbín àti ìṣáwùrú wà lára àwọn ẹranko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mọ́lúsíkì. Ara wọn rọ̀, kò ní eegun, kò sì ní oríkèé. Iṣan ńlá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ fún wọn ni wọ́n fi ń wọ́ lọ, awọ kan sì wà tó bo ìfun àti ẹ̀dọ̀ wọn, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń mọ ìkarahun. Akàn àti edé ní tiwọn lẹ́sẹ̀ olóríkèé, kòkòrò, aláǹtakùn àti àkeekèé ni wọ́n sì bá tan. Ohun tó ya ìran méjèèjì nípa jù lójú tèmi ni bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Bí èèpo bá ti há akàn mọ́ra, yóò bọ́ ọ sílẹ̀, yóò sì sá pamọ́ títí èèpo tuntun yóò fi le. Ìgbín kò lè dán irú rẹ̀ wò, nítorí iṣan kan so ó mọ́ òpó tó wà láàárín ìkarahun rẹ̀ pinpin. Etí ẹnu ìkarahun ló ń fi kún bó ṣe ń tóbi, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Ṣóńṣó kékeré tó wà ní ìdí ìkarahun ìgbín ńlá ni èyí tó bá a jáde láti inú ẹyin. Àwọn àgbà tó ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e, kò parọ́ rárá.

Ìkarahun nìkan ti ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá lọ́nà rí. Nígbà tí Carl Linnaeus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, ń to àwọn ẹranko sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ní 1758, ó ya àwọn tó ní ìkarahun sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní, débi pé ìgbín àti ìbátan rẹ̀ tí kò ní ìkarahun bọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Georges Cuvier ti ilẹ̀ Faransé ló wá la inú wọn wò kí ọ̀rúndún náà tó parí, tó sì kó wọn padà sójú kan. Síbẹ̀, Cuvier alára ka àwọn ẹ̀dá kéékèèké eléèpo líle tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi mọ́ mọ́lúsíkì, títí onímọ̀ kan, John Vaughan Thompson, fi wo ọmọ wọn dàgbà, tó sì fi hàn ní 1830 pé ìbátan akàn ni wọ́n.

Irú mọ́lúsíkì tí a mọ̀ ju 70,000 lọ, ẹ̀yà ìgbín ló sì pọ̀ jù. Ahọ́n wọn kún fún eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Ẹni tó bá ń sin ìgbín lè gbọ́ bó ṣe ń ha ewé ìbẹ́pẹ lóru. Ìgbín orí ilẹ̀ ń mí afẹ́fẹ́, akọ àti abo sì wà nínú ara kan náà, ṣùgbọ́n ti ìṣáwùrú yàtọ̀: akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, ìdérí líle sì wà tó fi ń pa ẹnu ìkarahun rẹ̀ dé. Inú ẹ̀yà yìí náà ni owó ẹyọ wà. Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn baba ńlá wa ná wá láti erékùṣù Maldives, ó sì gba àwọn èbúté bí Àgbádárìgì wọlé. Ẹni tó bá mú èyí tí wọ́n ti fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi okùn sí, tó yọjú wo inú rẹ̀, yóò rí i pé ó lọ́ bíi ti ìgbín. Bó bá ti gbó ni ètè rẹ̀ ń ká wọnú, tó sì ń bo ibi tó lọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yà kejì ni àwọn oníkarahun méjì, bí ọ́ísítà, tí kò ní orí, tí kò sì ní ahọ́n, tí ọ̀pọ̀ wọn ń sẹ́ oúnjẹ láti inú omi. Ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹranko inú òkun kan, wà nínú ẹ̀yà mìíràn: ó ní apá mẹ́jọ àti ọkàn mẹ́ta, kò sì ní ìkarahun kankan, síbẹ̀ mọ́lúsíkì pọ́ńbélé ni. Àwọn ẹ̀yà yòókù kò pọ̀, inú òkun ni wọ́n sì ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìdánwò nìkan. Àwọn ìgbín tíntìntín kan wà nínú odò tí kò ṣàn gidi tó jẹ́ pé ara wọn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti ń dàgbà kó tó wọ ara ènìyàn. Akàn kì í gbé e. Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní odò gbọ́dọ̀ lè dá èyí tí ó yẹ kó ṣọ́ra fún mọ̀.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún àpilẹ̀kọ náà ṣe nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì tẹ àwòrán owó ẹyọ tí wọ́n là sí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbín, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.