Lydia Cabrera ńkọ́?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àròkọ yín lórí Yorùbá ilẹ̀ Cuba, ó dùn mọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo wá tì níbẹ̀: Lydia Cabrera. Ọmọ Havana, olú-ìlú Cuba, ni. Ó lọ jókòó ti àwọn àgbà Lùkùmí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá ní Cuba, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Ní 1957 ló tẹ Anagó jáde, àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó túmọ̀ sí èdè Sípéènì. Omi ṣì ń jẹ́ omi lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n obì wọn, àgbọn ni! Níbi tí obì kò sí, kí ni wọn ì bá fi bọ òrìṣà?

Ilé ìkàwé Yunifásítì Miami ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà, èdè Sípéènì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èmi náà wá lọ béèrè ìwé atúmọ̀-èdè Sípéènì ní yunifásítì kan nílé níbí. Eruku rẹ̀ mú mi sín lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ewé A sì ti ya lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ ò wá fi Sípéènì díẹ̀ kún iṣẹ́ àwọn ọmọ wa?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.