Ta Ló Ń Yọ Ísírẹ́lì Lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 18:1-21.

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú ìmúra ìkórè, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ lórí ọrẹ ìkórè ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa tọ̀sẹ̀ yìí, mo ti gbé e fún akọ̀wé gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ Tuesday, tí àwọn ọ̀dọ́ wa méje dúró lé ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta gààrì lórí, tí wọ́n ń pariwo pé òun ló ń fìyà jẹ aráàlú, tí wọ́n sì ń ya fídíò, mo ní kó dá a padà fún mi, torí ọkàn mi ò gbà kí n jókòó máa sọ̀rọ̀ iṣu àti ọsàn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀, àwọn tí ò sí níbẹ̀ ti rí i lórí fóònù.

Ìyàn ti mú ní Samáríà, òjò ò rọ̀, ó ti wọ ọdún kẹta. Ọba Áhábù wá pàdé Èlíjà, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé, ṣé ìwọ nìyí, ìwọ tó ń yọ Ísírẹ́lì lẹ́nu? Kò kí i. Kò bi í pé kí la máa ṣe kí òjò lè rọ̀. Ẹni tó máa di ẹ̀bi rù ló ti ń wá kiri, torí Ọbadáyà sọ ọ́ ní ẹsẹ kẹwàá pé kò sí orílẹ̀-èdè tàbí ìjọba tí Áhábù ò ránṣẹ́ dé láti wá Èlíjà, wọ́n tiẹ̀ tún ń mú àwọn èèyàn búra pé àwọn ò rí i. Ẹ wo bí wọ́n ṣe náwó àti agbára tó torí kí wọ́n lè rí ẹnì kan dá lẹ́bi, nígbà tí ebi ń pa aráàlú.

Ẹ jẹ́ ká má sì tètè fò ó o. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ Áhábù, ẹ máa rò pé ó ní àwíjàre, torí ní orí kẹtàdínlógún, Èlíjà ló dúró níwájú ẹ̀ tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kò ní sí òjò tàbí ìrì. Ẹnu Èlíjà ni Áhábù ti gbọ́ ọ, ó wá gbà pé Èlíjà ló fà á. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti mú mi láyà láti ọjọ́ Tuesday. Ẹni tó sọ iye fún wa, òun la máa ń bínú sí. A gbọ́ pé gààrì ti tún lé, ẹnu ẹni tó ń ta gààrì la ti gbọ́ ọ, a ò mọ ẹni tó ṣe é níbi tí wọ́n ti ṣe é, ojú ẹ̀ jìnnà sí wa, àmọ́ ojú tẹni tó jókòó ti kóńgò wà níbí, ọwọ́ wa sì tó o. Ohun tí Áhábù ṣe náà nìyẹn.

Ní ẹsẹ karùn-ún, nígbà tí ìyàn le gan-an, Áhábù pe Ọbadáyà, alábòójútó ilé ẹ̀, ó ní kí àwọn pín ilẹ̀ náà sí méjì, kí òun gba ibì kan lọ, kí Ọbadáyà gba ibòmíì, kí wọ́n máa wá orísun omi. Èèyàn á rò pé ọba rere ni. Àmọ́ ẹ kà á dópin. Koríko ló ń wá. Koríko tí wọ́n máa fún ẹṣin àti ìbaaka, kí àwọn ẹran má bàa kú. Kò sí ẹsẹ kan níbẹ̀ tó ní ó wá oúnjẹ fún opó tàbí ọmọ aláìníbaba. Ẹ̀yin náà ẹ rí i, lọ́dún 2023 tí ebi ti ń gbóná, àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa l'Ábújá ń gba jíìpù tuntun, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní ojú ọ̀nà ò dáa, ó sì lóòótọ́ pé kò dáa, àwa tá à ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn ò parí fún ọ̀pọ̀ ọdún la mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó ṣe ọ̀nà ló ra jíìpù torí pé ọ̀nà ò dáa. Ní August 2024, bàálù tuntun dé fún ààrẹ. Koríko ẹṣin nìyẹn.

Ẹ wá wo èsì Èlíjà. Ó ní kì í ṣe èmi ni mò ń yọ Ísírẹ́lì lẹ́nu, ìwọ ni, àti ilé baba rẹ. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ máa ń bá ara yín jiyàn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Apá kan ń pariwo pé Tinubu ni, apá kejì ń pariwo pé Buhari ló bà á jẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíì ṣì ń tọ́ka Jonathan, ẹ sì ti sọ ọ́ dìjà. Èlíjà ò yan ọ̀kan nínú wọn. Áhábù ni, Ómírì bàbá ẹ̀ náà ni. Ẹni tó wà lórí oyè á jẹ́jọ́ ohun tó ṣe, ẹni tó kúrò lórí oyè á jẹ́jọ́ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe rí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń jà lórí ohun tá ò jókòó gbọ́. May 29, 2023, Tinubu dúró ní Eagle Square l'Ábújá, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ètò kankan nílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù lọ́jọ́ yẹn, epo tí à ń rà ní bíi 190 náírà fò lọ sókè 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 1,000 ní 2024. Nínú June ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀, dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní bíi 460, ó lé ní 1,600 ní 2024. Ìyẹn ti Áhábù. Ti ilé baba rẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n tó kúrò, ìjọba Buhari ti yáwó lọ́wọ́ CBN, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, títí ó fi di nǹkan bí tírílíọ̀nù 22.7 náírà, bẹ́ẹ̀ òfin CBN sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Owó tí kò ti ibi iṣẹ́ wá bá bọ́ sọ́jà, kí lẹ rò pé ó máa ṣe sí iye tọ́jà ń jẹ́? Wọ́n ti bodè pa láti August 2019 títí di December 2020. Wọ́n tún wá pààrọ̀ owó láti ìparí 2022 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹ rántí bá a ṣe ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì, tí tòmátò ń jẹrà lọ́jà torí pé owó ò sí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Ilé ìfọpo wà ní Port Harcourt, ó wà ní Warri, ó wà ní Kaduna, òkè òkun la sì ti ra bẹntiróò wá fún ọdún pípẹ́. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé owó oúnjẹ ní October 2024 fi ìdá 39.16 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti October 2023 lọ. Owó oṣù tó kéré jù ló di 70,000 láti July 2024, àpò ìrẹsì kan ò ṣeé rà níbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ wá bá mi wá ibi tí ìyá tó ń ta gààrì wà nínú gbogbo èyí.

Ẹ̀gẹ́ tó rà, lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀rù àtisùn lóko ló ti rà á. Ọkọ̀ tó gbé e wá, bẹntiróò olówó ńlá ló jó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, bákan náà. Igi ìdáná lé, àpò lé, owó ọjà lé. Kó tó dé orí àtẹ, ìyà ti jẹ ẹ́ kó tó jẹ ìwọ tó o wá rà á, ìwọ wá dúró sí orí ẹ̀ o ń pariwo pé òun ló ń fìyà jẹ aráàlú? Ẹni tó lè bí ẹ lọ́mọ? Ẹni tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú ẹ ní Sunday, tẹ́ ẹ jọ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní irú ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. November 1, 2024 ni wọ́n kó àwọn ọmọdé dé kóòtù gíga l'Ábújá torí ìwọ́de ebi inú August ọdún yẹn, wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀ sí ìjọba, àwọn kan nínú wọn ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn ọmọ tí ebi ń pa! Wọ́n ní àwọn ló ń yọ Ísírẹ́lì lẹ́nu. Gbogbo wa la ké nígbà yẹn, èmi náà gbàdúrà lórí ẹ̀ láti orí pẹpẹ, ọlá Ọlọ́run wọ́n tú wọn sílẹ̀. Báwo ni àwa tá a ké lọ́jọ́ yẹn ṣe wá lọ ṣe irú ẹ̀ ní tiwa?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ mọ̀, ìdí nìyí tí mo fi máa sọ ọ́ le. Tẹ́ ẹ bá ní ẹnu fún ọ̀rọ̀ ìlú, Áhábù ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́. Èlíjà rìn lọ bá a ni, ó wò ó lójú, ó ní ìwọ ni. Aṣòfin tó ń ṣojú yín l'Ábújá ní ọ́fíìsì, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kóra yín jọ lọ bá a, ẹ bi í pé kí ló dìbò fún nílé ìgbìmọ̀. Ìyẹn nílò ìgboyà. Kò sí ìgboyà kankan nínú kí èèyàn méje dúró lé ìyá àgbàlagbà lórí kí wọ́n máa ya fídíò. Fídíò yẹn náà, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó wá ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, ẹni tó sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù kó padà lọ bẹ̀ wọ́n níbẹ̀ kí wọ́n pa á rẹ́.

Àwa àgbà náà ò mọ́. Ìwọ tó o ní epo nílẹ̀ tó o ti rà ní iye àtijọ́, tó o tì ilé epo pa lálẹ́ May 29 kó o lè tà á ní iye tuntun lọ́jọ́ kejì, ìwọ wo lò ń bá Tinubu jà? Ìwọ tó o ti àgbàdo mọ́ sítọ̀ tó ò ń dúró de ìgbà tí ebi bá le sí i, o mọ ara ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, dìbò kóo sebẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ kan, ọdún mẹ́rin ìyà, àwọn kan nínú yín gba tẹgbẹ́ méjì. Ẹsẹ kọkànlélógún ló ń dẹ́rù bà mí jù: Èlíjà yíjú sí aráàlú fúnra wọn, ó ní títí dìgbà wo lẹ máa ṣiyèméjì, àwọn èèyàn ò sì dá a lóhùn ọ̀rọ̀ kan. Ní Tuesday, ọmọ ìjọ pọ̀ níbẹ̀. Díákónì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ó tó.

Mo dúpẹ́ pé Ọbadáyà wà nínú ìtàn yìí. Ilé Áhábù gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ọba ló ń jẹ, síbẹ̀ ó kó ọgọ́rùn-ún wòlíì pamọ́ sínú ihò kí wọ́n má bàa pa wọ́n, àádọ́ta-àádọ́ta, ó ń fi búrẹ́dì àti omi bọ́ wọn nínú ìyàn yẹn. Búrẹ́dì àti omi péré, Bíbélì ò ní ó se jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ àwọn tó wà lórí oyè, mi ò ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta lẹ ń bọ́ níbẹ̀?

Sí Màmá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn: ẹ má bínú sí ilé Ọlọ́run. Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ nílé yín lálẹ́ Saturday, àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn á tẹ̀ lé wa, mo ti bá àwọn òbí wọn sọ ọ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n sì máa san ohun tó ṣòfò. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má sá fún mi, ọmọ mi ni yín, ebi ń pa yín lóòótọ́, iṣẹ́ ò sí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í jẹun àárọ̀. Ẹ wá bá mi, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ìdajì oúnjẹ tí wọ́n bá mú wá fún ìkórè ò ní lọ sí gbàǹjo, àwọn díákónì máa pín in fún opó àti ẹni tí kò níṣẹ́, láìbéèrè ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni dìbò fún.

Ìfilọ̀ díẹ̀ (ààyè ò tó, ẹ dákun): Ìkórè àgbà, Sunday December 1, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ tètè dé. Ìpàdé WMU (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin) ti kúrò ní Monday, ó di Wednesday lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Àwọn R.A. (ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin) máa gé koríko ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Saturday láàárọ̀, kí kálukú mú àdá ẹ̀ wá. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣì kù, akápò ní kí àwọn tí ò tíì san rántí o. Ẹni tó gbé àga ike mẹ́wàá lọ síbi ìsìnkú lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó dá wọn padà kó tó di ọjọ́ ìkórè.