Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Ta Ni Ọmọ Yín Ń Rí Nínú Ìwé?

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Ètò ìdánwò àti ọjọ́ ìpàdé wà nínú bébà kejì. Ọ̀rọ̀ àwòrán inú ìwé ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni àwọn olùkọ́ ti ń tú àwọn ìwé aláwòrán inú yàrá ìkàwé wa wò. A kò kàn ń ka iye ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀; ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ la ń wò. Nínú ọ̀kan tó wà lórí tábìlì mi, ọmọ mẹ́fà wà létí òkun. Márùn-ún ń fi iyanrìn kọ́lé. Ẹni kẹfà, òun nìkan ló dúdú, gbé garawa dúró tì wọ́n. Títí ìwé fi parí, kò lanu. Nínú òmíràn, ọ̀dà kan náà ni ayàwòrán fi kun gbogbo ènìyàn dúdú, imú kan náà, ojú kan náà. Aṣọ nìkan lẹ fi lè mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Àwọn ẹ̀yà kan sì wà tí a kì í rí àfi nínú aṣọ ọdún, tìlù-tìlù, bí ẹni pé wọn kì í fọ eyín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1965, Nancy Larrick, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé nínú ìwé ọmọdé tó lé ní 5,000 tó jáde láàárín 1962 sí 1964, ìdá 6.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ènìyàn dúdú nínú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, CLPE, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ka àwọn ìwé ọmọdé ti ọdún 2017: ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀dá ìtàn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Iye náà ti gòkè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka ọmọ tó gbé garawa yẹn mọ́ ọn.

A kò ní kó ìwé dànù o (àwọn kan nínú yín ti ń pè mí lórí rẹ̀). Èyí tí ìtàn rẹ̀ bá dùn yóò dúró, àwọn ọmọ ni yóò sì sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Àwọn òbí kan ní kò kan ọmọ àwọn, torí ó ń rí ara rẹ̀ nínú gbogbo ìwé. Ó kàn án dáadáa: òun ló máa rò pé ayé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ìwé kan, kí ọmọ fi àwòrán nìkan sọ ìtàn náà fún yín. Ta ló ń darí, ta ló ń tẹ̀lé? Ẹ má bá a dáhùn. Lẹ́yìn náà, kó ya ara rẹ̀. A ti fi pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú àpò rẹ̀. Kó gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, kó máa po àwọ̀ wọn pọ̀ títí yóò fi jọ àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Kí àwòrán náà dé ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ẹ má sì bá a tún un ṣe.

Èmi ni,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́