Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Jẹ́ Kó Tún Un Gbá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ kú Ọjọ́ Olúwa. Okun o!

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1950, Bùràsíìlì ń bá Uruguay gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracanã, ní ìlú Rio de Janeiro. Ọ̀mì lásán ti tó fún Bùràsíìlì láti gba Ife Àgbáyé. Wọ́n kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé, Uruguay dá a padà. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí eré parí, Ghiggia, agbábọ́ọ̀lù Uruguay, tún sá gba apá ọ̀tún bọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wá, ńṣe ló ta bọ́ọ̀lù sáàárín, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì gbá a wọlé. Barbosa tó ń ṣọ́lé fún Bùràsíìlì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò tún rí, ló bá sún síta díẹ̀. Ghiggia gbá a gba àlàfo tó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Èrò tó sún mọ́ 200,000 ló wà níbẹ̀, gbogbo pápá náà sì pa rọ́rọ́.

Ìṣísẹ̀ kan péré ni. Tèmi ni pé ohun tí aṣọ́lé tó ní làákàyè yóò ṣe ló ṣe.

Bùràsíìlì kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n di ẹ̀bi náà rù, Barbosa, Bigode àti Juvenal, aláwọ̀ dúdú sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín. Barbosa fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé ní bí 20 ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan nawọ́ sí òun níbi tó ti ń rajà, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó wo ọkùnrin tó pa gbogbo Bùràsíìlì lẹ́kún. Ní 1993, ó fẹ́ lọ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbára dì, wọn ò jẹ́ kó wọlé, kó má lọ kó oríburúkú ràn wọ́n. Kó tó kú ní ọdún 2000, ó ní ẹ̀wọ̀n tó gùn jù lábẹ́ òfin Bùràsíìlì kò ju 30 ọdún lọ, àmọ́ òun ti lo 50.

Ti Andrés Escobar ọmọ Kòlóńbíà ò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1994 ni, nígbà tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà gbá ní Ife Àgbáyé. Ó na ẹsẹ̀ kó lè gba bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ta sáàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló tì í wọ ilé ara wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Keje, wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín. Ọmọ ọdún 27 ni.

Ẹ má wí pé ọ̀dọ̀ wọn jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́n ní ọdún 2000, ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ní Surulérè, nígbà tí àwa àti Kamẹrúùnù jọ ń du Ife Áfíríkà. Ọ̀mì 2-2, ó di pẹ́náríti. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ba igi òkè, ó já sílẹ̀, ó ta padà. Rẹfirí ní kò wọlé. Kamẹrúùnù gbé ife lọ, àwa sì gbé èébú bo Ikpeba. Ẹ wá wo fídíò rẹ̀ o: bọ́ọ̀lù yẹn ti kọjá ìlà kó tó ta padà! Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ ènìyàn ò ṣẹ̀ la fi ń pè é ní orúkọ. Mélòó ló rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ẹjọ́ tí à ń dá fún ara wa nígbà tí ìsìn bá parí tí a bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?

Ti Yakubu Aiyegbeni ló máa ń dùn mí jù. Ife Àgbáyé ọdún 2010 ni, ní Durban, àwa àti Kòríà Gúúsù. Bí a bá borí, a ó tẹ̀ síwájú. Wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i lẹ́sẹ̀ níwájú ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀, ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló sì wà láàárín òun àti àwọ̀n. Ó gbá a síta. Láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí wọn ò ti mọ ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló rántí ohun tó tẹ̀lé e? Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fún wa ní pẹ́náríti. Yakubu náà ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbá a wọlé, òun ló sì mú wa bọ́ sí ọ̀mì 2-2 tí eré náà parí sí. Ọkùnrin kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, eré kan náà.

Nínú ìdíje yẹn kan náà, Asamoah Gyan ti Gánà gbá pẹ́náríti tí wọ́n fún wọn nígbà tí eré ń parí lọ mọ́ igi òkè nígbà tí wọ́n ń bá Uruguay gbá. Bó bá wọlé ni, Gánà ì bá jẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí yóò dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pẹ́náríti ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ta ló kọ́kọ́ jáde fún Gánà? Gyan ni. Ó sì gbá a wọlé. Wọ́n ṣì pàdánù náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, Pásítọ̀, ṣé ká má bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí mọ́ ni? N kò wí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Suárez ti Uruguay nínú eré tí wọ́n bá Gánà gbá yẹn: ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù dànù lójú ilé. Wọ́n fún un ní káàdì pupa, ó tọ́ sí i. Ẹni tó kó owó ìjọ jẹ, ìbáwí wà fún un. Àmọ́ ẹni tó gbìyànjú tí nǹkan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, káàdì wo là ń wá fún onítọ̀hún? Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Bí ẹṣin bá dá ọmọ, tí ará ilé wá lọ ta ẹṣin náà ńkọ́?

Ẹ wo Máàkù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 13. Ó bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà jáde. Nígbà tí wọ́n dé Pẹ́gà ó fi wọ́n sílẹ̀, ó padà sílé. Nígbà tí ìrìn-àjò kejì dé, Bánábà ní kí àwọn mú un dání, Pọ́ọ̀lù ní rárá. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí wọ́n fi pínyà. N kò bá Pọ́ọ̀lù wí jù. Ọ̀nà náà léwu, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó bá fẹ́. Bánábà ni mo ń wò. Ìbátan rẹ̀ ni Máàkù lóòótọ́, ará ilé ẹni ló sì yẹ kó kọ́kọ́ dúró ti ni. Ó mú un, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, a ò gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó kọ̀wé sí Tímótì pé kó mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun. Pọ́ọ̀lù kan náà o!

Mo wá dé ilé. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́ wa bá ìjọ kejì gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo borí wa. Ẹ ti rí fídíò náà. Bọ́ọ̀lù ń yí bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ tó ń ṣọ́lé fún wa bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, bọ́ọ̀lù fò mọ́ òkúta kékeré kan, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹnìkan nínú wa fi orin sí i, ó gbé e sórí WhatsApp ìjọ. Àwọn àgbà ìjọ náà fi ẹ̀rín sábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń lu ìlù tí ọmọ náà máa ń lù fún ẹgbẹ́ akọrin. Mo gbàyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí n tó kọ èyí, òun náà gbàyè lọ́wọ́ ọmọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn yóò tún eré náà gbá ní pápá kan náà. Mo ti bá ẹni tó ń kọ́ wọn sọ̀rọ̀: ọmọ yẹn ni yóò ṣọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí òmíràn bá tún wọlé, kó wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ní àwọn yóò gbé omi àti àkàrà wá, kí àwọn bàbá má sì fi oko ṣàwáwí. Ẹni tí fídíò yẹn bá ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, kó pa á rẹ́ kó tó jáde nílé.